Wáyà earth kì í ṣe neutral: ohun tí ojú mi rí nílé màámi ní Ìkẹ́rẹ́

Àárín ọyẹ́ tó kọjá ni màámi pè mí láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. "Àkànní, fíríìjì yìí ti ń bá mi jà o. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ẹ̀, ó gbọ̀n mí jìgìjìgì." Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ohunkóhun mọ́, kí wọ́n ní kí ọmọ ilé kejì bá wọn pa bíréékà ńlá. Adó ni mo wà. N kò dúró jẹun kí n tó wọkọ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé owó ara mi ni mo fi ra ewu yẹn. Màámi ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ̀yìn ilé wọn sì máa ń ṣókùnkùn biribiri. Mo fẹ́ máa tan iná ìta láti orí fóònù mi, ni mo bá gbé iṣẹ́ fún oníṣẹ́ iná kan pé kó fi module Wi-Fi mẹ́rin, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba àṣẹ láti orí fóònù, sẹ́yìn súìṣì: iná ìta méjì, ti yàrá ìdáná, àti ti kọ́rídọ̀. Ọjọ́ kan péré ló fi parí ẹ̀, inú mi sì dùn.

Kò pẹ́ tí àwọn module náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú, tí wọ́n ń jí. Oníṣẹ́ iná ní, "Ẹ̀gbọ́n, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni." Mo ra rọ́tà tuntun. Ó tún ní dátà ló ń tán. Mo ra dátà. Nígbà tí mo fi máa ṣírò ẹ̀, owó tí mo ná lórí ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ju owó iṣẹ́ lọ.

Ohun kan wà tí màámi sọ tí mi ò kà sí nígbà yẹn. Wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn bá ti fọṣọ, iná ìta máa ń dáhùn dáadáa. Lẹ́yìn ilé ni wọ́n ti ń fọṣọ, ibi tí omi ọṣẹ náà sì ń ṣàn sí gan-an ni wọ́n gbá irin earth mọ́lẹ̀ sí, irin tó yẹ kó máa gbé iná tó bá jò wọlẹ̀.

Fóònù àti rédíò ni mo ń tún ṣe l'Adó, nítorí náà mo ní míta lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí mo ti pa iná pátápátá tí mo sì fi míta rí i pé kò sí ohunkóhun nínú wáyà, mo tú súìṣì àkọ́kọ́. Ẹnu yà mí. Ojú N tó wà lára module, ìyẹn ojú neutral, wáyà tí iná máa ń gbà padà, wáyà earth aláwọ̀ ewé ni wọ́n so mọ́ ọn. Mo tú mẹ́ta yòókù, bákan náà ni.

Bí wọ́n ṣe fa wáyà ilé wa àtijọ́ nìyí: wáyà pupa ló ń gbé iná, ìyẹn live, sọ̀kalẹ̀ wá sí súìṣì, dúdú ló sì ń gbé e padà lọ sídìí gílóòbù. Neutral kì í dé inú àpótí súìṣì rárá, òkè àjà ló ń jókòó sí. Dúdú tí ẹ rí lẹ́yìn súìṣì yẹn kì í ṣe neutral. Bí ẹ bá tẹ súìṣì, live ni òun náà ń gbé. Irú module yìí ní tiẹ̀ ò lè wà láàyè láìsí neutral, torí òun náà ń jẹ iná díẹ̀ tọ̀sán-tòru kó tó lè máa gbọ́ Wi-Fi. Dípò kí ọkùnrin yìí gùn lọ sókè àjà, ó so ó mọ́ earth.

Ilẹ̀ ni iná wá ń gbà padà. Òjò ń rọ̀ nígbà tó ṣe é, ilẹ̀ tutù, ó ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé tí ilẹ̀ gbẹ, tí irin náà sì ti dípẹtà, iná ò rọ́nà lọ mọ́, ló bá gun ara gbogbo irin tí wáyà aláwọ̀ ewé dé. Míta mi ka nǹkan bí fólítì 120 láàárín ilẹ̀kùn fíríìjì àti ilẹ̀. Bíréékà kò sì ní já, nítorí iná náà kéré lójú ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kéré lára ìyá arúgbó tó wà láìwọ bàtà lórí sìmẹ́ǹtì tútù.

Fífa neutral sọ̀kalẹ̀ ló jẹ mí níyà. Mo kọ́kọ́ rò pé kí n kúkú gbé àwọn module lọ sókè àjà, ṣùgbọ́n abẹ́ páànù gbóná ju ohun tí wọ́n ṣe wọ́n fún lọ lọ́sàn-án. Páìpù inú ògiri ló kù. Mo so wáyà tuntun méjì, ọ̀kan fún neutral, èkejì láti rọ́pò dúdú, mọ́ ìdí wáyà dúdú àtijọ́, mo ń fà á láti òkè, ọmọ àbúrò mi ń tì í láti ìsàlẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ti wọnú páìpù, wáyà náà ha. A tì í, a fà á, a da ìyẹ̀fun ọṣẹ sí i kó lè yọ̀. Ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, ti ìta àkọ́kọ́ yọ. Mo pariwo débi pé màámi sáré jáde. Ti ìta kejì àti ti ìdáná tẹ̀ lé e kí ilẹ̀ tó ṣú.

Irin earth tuntun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi sá. Ìlú Ọlọ́sùnta ni Ìkẹ́rẹ́, àpáta ni níbikíbi tí ẹ bá gbá a. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ló gbà á níkẹyìn.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó ní kí oníṣẹ́ iná ṣí súìṣì kan kó fi ibi tí neutral wà hàn òun kó tó ra module kankan. Èmi ti ra rọ́tà kí n tó béèrè. Kó sì ra bíréékà tí wọ́n kọ 30 mA sí lára, irú èyí tó máa ń já tí iná díẹ̀ bá ń jò lọ sínú ilẹ̀. Ká ní ó wà nílé màámi látìbẹ̀rẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kó ti já kí fíríìjì tó kọlù wọ́n. Mo ti fi ọ̀kan síbẹ̀ báyìí. Mo tún pe oníṣẹ́ iná mìíràn pé kó wá yẹ gbogbo ẹ̀ wò kí n tó taná padà.

Ti kọ́rídọ̀ kò gbà. Wáyà ibẹ̀ ò mì rárá. Súìṣì lásán ni mo dá padà síbẹ̀. Oníṣẹ́ àkọ́kọ́ ò tíì dá kọ́bọ̀ padà fún mi.