Bí mo ṣe ṣètò ìbẹ̀wò ọ̀gá àgbà ológun ojú omi sí ọ̀dọ̀ àwa Reserve

Ọ̀gá mi ló ní kí n ṣètò bí rear admiral kan, ìyẹn ọ̀gá àgbà ológun ojú omi, ṣe máa wá bá àwa ọmọ ogun Navy Reserve sọ̀rọ̀ ní ibùdó wa ní Amẹ́ríkà. Àwa kì í gbé bárékè. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wa là ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù àti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún la fi ń wọṣọ ogun. Dírìlì (àkókò iṣẹ́ ológun) mẹ́rin oníwákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ló wà nínú òpin ọ̀sẹ̀ kan, inú rẹ̀ náà la ti ń ṣàyẹ̀wò ara àti eyín. Mo wá fi ìpàdé sí ọ̀sán Sátidé, kí àwọn tó ń wakọ̀ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn lè bá a.

Ti ayẹyẹ ò le, òfin ti là á sílẹ̀: ọmọ ogun mẹ́fà á tò sí ọ̀tún àti òsì, wọ́n á lu aago lẹ́ẹ̀mẹfà, wọ́n á fun fèrè. Vice admiral, tó ga jù wọ́n lọ, ì bá gba mẹ́jọ. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ni mo yàn, torí ó yẹ kí àwọn náà rí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ lójúkojú.

Ìbéèrè ni mo fọkàn sí jù. Bí ọ̀gá ńlá bá ní "Ta ló ní ìbéèrè?", ibẹ̀ á pa lọ́lọ́ ni; kò sẹ́ni tó fẹ́ kó dà bíi pé òun ń fẹjọ́ ọ̀gá òun sùn. Mo gbé àpótí síbi tí a ti ń fọwọ́ síwèé, mo ní kí oníkálukú kọ tirẹ̀ láìkọ orúkọ. Ẹnìkan nínú àwọn ọ̀gá ní kí n yọ èyí tó gbóná kúrò. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí tó gbóná gan-an ló yẹ kí wọ́n gbọ́." Wọ́n gbà.

Ọ̀rọ̀ tí admiral náà sọ ò gùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ìbéèrè inú àpótí. Nọ́ọ̀sì kan bi wọ́n léèrè nípa ọ̀gá ibiṣẹ́ tó ń bínú nígbàkigbà tí wọ́n bá pe òun nọ́ọ̀sì síṣẹ́ ológun. Wọ́n ṣàlàyé òfin USERRA ti ọdún 1994, tó ní kí wọ́n dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un tó bá ti iṣẹ́ ológun dé. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan béèrè ìdí tí òun ò fi lè ra TRICARE Reserve Select, ètò ìlera tó wà fún àwa Reserve. Wọ́n ní òfin ti yí i padà, àmọ́ oṣù Kìíní ọdún 2030 ló máa bẹ̀rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn kùn hùn-ùn. Wọn ò fi dídùn bò ó, ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún jù lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Àkókò ò tó. Olùrànlọ́wọ́ wọn gba ìwé tó kù lọ́wọ́ mi. Ìdáhùn dé kí dírìlì mìíràn tó bẹ̀rẹ̀, mo sì lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ògiri, títí kan àwọn tí wọ́n kọ "rárá" sí.