Ìjọba wo ló ni iṣẹ́ náà? Bí a ṣe ń gbé ẹ̀sùn dé ọwọ́ ẹni tó kàn

Gọ́tà àdúgbò wó, omi òjò ń ya wọ inú ilé. Àwọn ará àdúgbò ṣèpàdé, wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n gbé e lọ fún sẹ́nétọ̀. Oṣù mẹ́fà kọjá, wọn kò rí èsì. Sẹ́nétọ̀ náà lè jẹ́ èèyàn gidi, ṣùgbọ́n gọ́tà àdúgbò kò sí lára iṣẹ́ rẹ̀: òfin kò fi owó gọ́tà sí ìkáwọ́ rẹ̀, kò sì ní òṣìṣẹ́ tó lè rán lọ síbẹ̀. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tó tọ̀nà ṣe ń kú sínú àpótí ẹni tí kò kàn, ó sì máa ń dùn wá torí pé ìmọ̀ díẹ̀ péré ni ì bá ti gbà á là.

Ọ̀rọ̀ tó ń da nǹkan rú ni "ìjọba" fúnra rẹ̀. Lẹ́nu wa, ìjọba ni ọlọ́pàá, ìjọba ni gómìnà, ìjọba ni akọ̀wé tó jókòó sí kánsù. Bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni ìjọba tó wà lórí wa ní Nàìjíríà: ìjọba àpapọ̀ tó fìdí kalẹ̀ sí Àbújá, ìjọba ìpínlẹ̀ tí wọ́n jẹ́ 36, àti ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n jẹ́ 774. Nínú ìjọba náà, ẹ̀ka kan ń ṣòfin, ìkejì ń mú òfin ṣẹ, ìkẹta ń dájọ́. (Ìjọba ìbílẹ̀ kò ní ẹ̀ka ìdájọ́ tirẹ̀, ilé ẹjọ́ kọkọ-kọkọ tó wà nítòsí kánsù, ti ìpínlẹ̀ ni.) Nítorí náà, ìbéèrè méjì ló yẹ kó ṣáájú lẹ́tà: ìjọba wo? Ẹ̀ka wo?

Ìjọba wo?

Kọ́kọ́ kọ ohun tó bàjẹ́ àti ibi tó wà sílẹ̀ ní gbólóhùn kan. "Gọ́tà tó wà láàárín ọjà àti ilé ẹ̀kọ́ ti wó níbi mẹ́ta." Má tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni kí o wá wo ìwé òfin ọdún 1999, tó pín iṣẹ́ fún ìjọba kọ̀ọ̀kan.

Àkójọ kan wà tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan. Nǹkan 68 ló wà níbẹ̀ nígbà tí òfin náà jáde: ọmọ ogun, ọlọ́pàá, owó náírà, ìwé ìrìnnà, àṣọ́bodè, epo rọ̀bì, pápákọ̀ òfúrufú. Àkójọ kejì ni èyí tí àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ jọ ní àṣẹ lé lórí, bíi ilé ẹ̀kọ́ gíga àti iṣẹ́ àgbẹ̀; bí òfin ìpínlẹ̀ bá sì tako ti àpapọ̀ níbẹ̀, ti àpapọ̀ ló ń borí. Ohun tí kò sí nínú méjèèjì, ìpínlẹ̀ ló ni ín. Ọ̀rọ̀ oyè ọba wà lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí gómìnà fi ń fún ọba tuntun ní ọ̀pá àṣẹ.

Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wà ní àfikún kẹrin ìwé òfin náà. Ibẹ̀ ni ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, gọ́tà, iná òpópónà, ilé ìyàgbẹ́ gbogbo ènìyàn, orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà ara ilé wà. Iṣẹ́ wolé-wolé náà, kánsù ni. Bí ẹ̀sùn rẹ bá wà nínú èyí, alága kánsù ni kí o kọ̀wé sí, kí o sì fún káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ ní ẹ̀dà kan.

Ọ̀nà ló ń fa àríyànjiyàn jù. Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mẹ́ta ló gbà kọjá. Ọ̀nà àpapọ̀ lè la àárín ìlú kọjá, kí àwọn ará ìlú sì máa pè é ní ọ̀nà gómìnà. Má ṣe fojú díwọ̀n rẹ̀. Iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde ti ìjọba àpapọ̀ ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lọ béèrè níbẹ̀ bóyá ọ̀nà náà wà nínú ìwé wọn. Bó bá wà níbẹ̀, àtúnṣe kòtò rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ FERMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń tún ọ̀nà ṣe. Bí kò bá sí, ọ̀nà tó so ìlú mọ́ ìlú sábà máa ń jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ti inú àdúgbò sì jẹ́ ti kánsù. Tún ya ohun tó wó sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó dí: bó bá jẹ́ pàǹtírí ló dí gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àpapọ̀, àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ní ìpínlẹ̀ tàbí kánsù lo máa wá lọ.

Ti ọlọ́pàá náà ń ṣi ènìyàn lọ́nà. A máa ń pe gómìnà ní olórí ààbò ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá pàṣẹ fún kọmíṣánnà ọlọ́pàá, abala 215 ìwé òfin gba kọmíṣánnà náà láyè láti ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ààrẹ. Àmọ̀tẹ́kùn, tí àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀ oòrùn gúúsù gbé dìde ní 2020, yàtọ̀: òfin ìpínlẹ̀ ló dá a sílẹ̀, nítorí náà gómìnà àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ni kí a gbé ẹ̀sùn rẹ̀ lọ bá.

Iná mànàmáná ti yí padà. Láti ìgbà àtúnṣe ìwé òfin ní 2023, ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lórí iná níbi gbogbo nínú ilẹ̀ rẹ̀. Èkìtì àti Òǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àbójútó náà lọ́wọ́ NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó iná. Kí o tó fi ẹ̀sùn owó iná ránṣẹ́ sí Àbújá, wádìí bóyá ìpínlẹ̀ rẹ ti ní àjọ tirẹ̀.

Àwọn ará Èkó, ẹ fetí sí èyí: kánsù 20 ni ìwé òfin mọ̀ ní ìpínlẹ̀ yín. Àwọn LCDA 37 (kánsù tuntun tí wọ́n gé jáde lára ti tẹ́lẹ̀) tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2003 kò tíì wọ inú ìwé òfin, ohun tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì sọ ní 2004 ni pé wọn kò tíì pé títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi ṣe ipa tirẹ̀. Bí lẹ́tà yín bá ń lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ẹ kọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tó bí LCDA náà mọ́ tirẹ̀.

Alága kánsù lè sọ pé gómìnà ló di owó mú. Ní ọjọ́ 11, oṣù keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ rẹ̀ tààrà, àti pé gómìnà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìgbìmọ̀ tí aráàlú kò dìbò yàn ṣàkóso kánsù. Ìmúṣẹ rẹ̀ fà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà ṣeé tọ́ka sí nínú lẹ́tà.

Ẹ̀ka wo?

Bí kò bá sí òfin lórí ọ̀rọ̀ náà, aṣòfin ni. Bí òfin bá wà tí a kò mú un ṣẹ, aláṣẹ ni: alága, kọmíṣánnà, mínísítà. Bí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ lójú, ilé ẹjọ́ ni.

Iṣẹ́ aṣòfin mẹ́ta ni: kó ṣòfin, kó fọwọ́ sí ètò ìṣúná, kó sì bojú tó bí aláṣẹ ṣe ń náwó. Kò sí dída ọ̀dà sójú ọ̀nà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kódà "iṣẹ́ àkànṣe ẹkùn" tí wọ́n ń kọ orúkọ aṣòfin sí lára, iléeṣẹ́ ìjọba kan ló ń gbé e fún agbaṣẹ́ṣe. Ohun tí o lè béèrè lọ́wọ́ aṣòfin ni kí ọ̀nà rẹ wọ ètò ìṣúná, àkókò sì ṣe pàtàkì níbẹ̀. Lẹ́tà tó dé ní oṣù kejì, nígbà tí ìṣúná ọdún náà sábà máa ń ti di òfin, ti pẹ́. Oṣù keje sí ìkẹsàn-án, nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ ń to tiwọn jọ, ló dára jù.

Mọ aṣòfin rẹ pẹ̀lú. Sẹ́nétọ̀ 109 àti aṣojú-ṣòfin 360 ló wà l'Ábùjá, wọn kò lè ṣòfin fún ọjà àdúgbò. Ti ìpínlẹ̀, tí iye wọn ò kéré sí 24 tí kò sì ju 40 lọ, ló sún mọ́ ọ jù. Bí àbádòfin bá dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ wọn, wọ́n lè pe aráàlú sí ìjókòó ìtagbangba. Gbé èrò rẹ lọ ní kíkọ sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹnu kì í pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ilé bá gbà á, ààrẹ tàbí gómìnà ní ọjọ́ 30 láti buwọ́ lù ú. Bó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin lè sọ ọ́ di òfin láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀.

Lẹ́tà fúnra rẹ̀

Ojú ewé kan tó. Kọ ọ́ sí ipò, má kọ ọ́ sí orúkọ, torí ẹni tó wà nípò lè lọ kí lẹ́tà ṣì wà. Sọ ohun tó bàjẹ́, ibi tó wà, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, òfin tó fi iṣẹ́ náà sí ọwọ́ wọn, àti ohun kan ṣoṣo tí o ń béèrè. Lẹ́tà tó béèrè ọ̀nà, omi, iná àti iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ papọ̀ kì í rí tábìlì kan tí yóò balẹ̀ sí. Tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sára èyí tó máa wà lọ́wọ́ rẹ. Láìsí òǹtẹ̀, wọ́n lè ní àwọn ò rí i.

Bí wọ́n bá dákẹ́, lo òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011. Béèrè ìwé kan pàtó, bíi iye tí kánsù yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà lọ́dún yìí. Kò pọn dandan kí o sọ ìdí tí o fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí ìwé náà bá pọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń sọ pé òfin náà kò kan àwọn, àmọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, nínú ẹjọ́ tó ti ìpínlẹ̀ Ẹdó wá, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ó kan gbogbo ìpínlẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ tàbí tí wọn kò dá ọ lóhùn, ọjọ́ 30 lo ní láti gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí lára yẹn ni agbẹjọ́rò máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ.