Bí mo ṣe ń lo wákàtí lórí àga kẹ́mò

Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo jókòó gba kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, fún jẹjẹrẹ ọmú n'Ìbàdàn, ọjọ́ 21 ló sì wà láàrin ọ̀kan sí èkejì. Mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ oògùn pupa tí wọ́n ń pè ní doxorubicin, pẹ̀lú cyclophosphamide. Mẹ́rin tó kẹ́yìn jẹ́ paclitaxel, tó ń gba wákàtí 3 gbáko kó tó kán tán. Bí a bá wá ro ti èsì ẹ̀jẹ̀ tí à ń dúró dè láàárọ̀ mọ́ ọn, ilẹ̀ ti ń ṣú kí n tó délé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ike omi oògùn tí wọ́n gbé kọ́ sórí òpó ni mo tẹjú mọ́. Mo ń ka ẹ̀kán rẹ̀ bó ṣe ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kà á dé igba, mo gbójú sókè, omi inú ike wà bó ṣe wà, bíi pé ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn án. Ẹkún ni mo bú sí. Láti ìgbà kejì ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi gbé òpó náà sẹ́yìn àga, níbi tí nọ́ọ̀sì ti lè rí i, tí èmi ò ní máa wò ó.

Ibi tí abẹ́rẹ́ bá wọlé ló máa sọ bí ọjọ́ náà ṣe máa rí. Ọmú ọ̀tún ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n sì yọ kókó inú abíyá ìhà ibẹ̀, torí náà apá òsì nìkan ni wọ́n ń lò. Ìgbúnwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi kánúlà, ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi ń gbà wọ iṣan, sí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ká apá kò, omi á dúró, nọ́ọ̀sì á tún sáré wá. Nígbà tó yá, mo kọ́ láti sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wá iṣan láàrin ọrùn ọwọ́ àti ìgbúnwọ́." Mo máa ń mu omi dáadáa láti ìrọ̀lẹ́ àná, mo sì máa ń ki ọwọ́ bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kí iṣan lè yọ síta.

Oògùn pupa kì í pẹ́, sírínjì ni wọ́n fi ń tì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bí akíkanjú níbẹ̀. Bó bá ta yín lójú abẹ́rẹ́, ẹ pariwo lójú ẹsẹ̀, torí bó bá jò síta iṣan, ó máa ń jẹ ẹran ara. Mo máa ń lá yìnyín nígbà tí wọ́n bá ń tì í, kí ẹnu mi má baà bó. Mo ti kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì léèrè kí n tó ṣe é. Ẹ̀yin náà ẹ béèrè, torí àwọn oògùn kan, bí oxaliplatin, kì í bá ohun tútù rẹ́. Bí ìtọ̀ yín bá pupa bíi sóbò lẹ́yìn rẹ̀, àwọ̀ oògùn ni.

Ohun kan dùn mí. Mọ́ínmọ́ín eléwé, tí mo fẹ́ràn jù láyé, ni mo gbé lọ lọ́jọ́ kejì. Èébì gbé mi lálẹ́ ọjọ́ náà, títí di òní, òórùn ewé eéran gbígbóná ń rí mi lára. Ẹ fi oúnjẹ tí ẹ fẹ́ràn sílé. Ògì àti àkàrà díẹ̀ ni mo wá ń mú lọ, oúnjẹ tó jẹ́ pé bó bá kọ̀ mí, n kò ní ṣàárò rẹ̀.

Ti paclitaxel yàtọ̀. Wọ́n máa ń fún wa ní Piriton àti dexamethasone ṣáájú, kí ara má baà kọ oògùn náà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́, n kì í ki ohunkóhun bọ etí, n kì í sì í sùn, torí ìgbà yẹn ni àyà lè fún èèyàn tàbí kí ara máa yún un, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ń wọ ìbọ̀sẹ̀, mo ń da ìró bora, torí omi náà máa ń tutù gba inú apá lọ. Bí Piriton bá gbé oorun dé, mo ń jẹ́ kó gbé mi lọ. Dexamethasone ò ní jẹ́ kí n sùn lóru.

Mo gbìyànjú fíìmù, fóònù ń já bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbìyànjú ìwé, ìlà kan ni mo ń kà lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó gbà fún mi ni òwú àti hóòkù. Fìlà ọmọdé ni mo ń hun. Bí oorun bá gbé mi lọ lójijì, ibi tí mo dé ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí mo bá jí, n kò pàdánù ohunkóhun.

Hóòkù yẹn náà ló jẹ́ kí n mọ màmá kan tó ń wá láti Ìsẹ́yìn. Ó wo ọwọ́ mi títí, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ ń fún òwú yẹn jù." Ó gbà á, ó fi ọwọ́ kan tú u, ó dá a padà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ààlọ́ o!" Gbogbo wa tó wà níbẹ̀ dáhùn, "Ààlọ̀!"

"Awẹ́ obì kan, à-jẹ-d'Ọ́yọ̀ọ́. Kí ni o?"

"Ahọ́n," ni mo dáhùn, èmi tí ahọ́n mi ti kú tipiri, tí iyọ̀ àti ṣúgà jọ rí bákan náà fún. Ẹ̀rín pa wá. Bó ṣe di àṣà wa nìyẹn. Gbogbo ilé sùn, Kánńbó ò sùn: imú. Ọkùnrin kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ló gba ìyẹn, kò tilẹ̀ la ojú. Bí Màmá bá rí i pé a ti ń mọ̀ ọ́n jù, á pa ọ̀kan tí kò ní tú, á ní kí n gbé e lọ sílé di ọjọ́ 21.

Fìlà kẹta ku ìlà méjì nígbà tí wọ́n yọ abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn lápá mi. Mo parí rẹ̀ nínú ọkọ̀. Màmá ṣì ku ẹ̀ẹ̀mejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ sì ni ọ̀kan. Mo ti sọ fún un pé màá wá jókòó tì í, àlọ́ tó gbé fún mi kẹ́yìn kò sì tíì yé mi.