Ṣé ó yẹ kí ẹ pààrọ̀ Office orí kọ̀ǹpútà yín? Bí ẹ ṣe máa mọ̀

Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kéékèèké ní Garki, Wuse àti Kubwa l'Abuja ṣì ń fi Office 2013 tàbí 2016 ti Microsoft, àkójọ tí Word àti Excel wà nínú rẹ̀, ṣiṣẹ́. Lẹ́tà ń jáde, owó oṣù ń lọ. Ṣùgbọ́n pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nìkan kò tó láti fi pinnu.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nílẹ̀. Ẹ ṣí Word, ẹ tẹ File, ẹ tẹ Account, kí ẹ wá tẹ About Word. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí irú Office tó jẹ́, àti bóyá 32-bit ni tàbí 64-bit (oríṣi méjì tí wọ́n ń ṣe Office sí). Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú Windows àti RAM rẹ̀ (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́). Ẹ má fojú díwọ̀n o: níbi tó bá jẹ́ pé oníṣẹ́ tó bá wà nítòsí là ń pè, Office mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè wà nínú yàrá kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọjọ́ tí Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ààbò dúró tàbí tó máa dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ti Office 2013 ni 11 oṣù kẹrin 2023. Ti 2016 àti 2019 ni 14 oṣù kẹwàá 2025. Ti 2021 ni 13 oṣù kẹwàá 2026. Ti 2024 ni 9 oṣù kẹwàá 2029. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, Word ò ní kú, ṣùgbọ́n ihò tí àwọn olè bá rí nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dí i mọ́. Ọ́fíìsì tó ń gba CV àti ínfọ́ìsì lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí kò gbọdọ̀ fi falẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí kì í dé orí íntánẹ́ẹ̀tì lè ní sùúrù díẹ̀, bí ẹ bá ń ṣọ́ fláàṣì tó ń wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀rọ yín ńkọ́? Office 2024 ò gba Windows tó kéré sí 10. Microsoft ní RAM 4GB tó. Ó tó lóòótọ́ bí ẹ ò bá ní ṣí ohun mìíràn. 8GB àti SSD (dísìkì tó yára ju ti àtijọ́ lọ) ló máa jẹ́ kí iṣẹ́ yá. Bí owó ò bá tó méjèèjì, SSD ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù ni fáìlì tí ẹ ń fi ránṣẹ́ síta. Aptos ni Office 2024 fi ń kọ̀wé bí ẹ ò bá yan fọ́ńtì, Calibri ni ti 2013 àti 2016. Bí ẹ bá fi lẹ́tà olójú-ewé kan ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìjọba tí kò ní Aptos, fọ́ńtì mìíràn ló máa rọ́pò rẹ̀: ìlà á sún, ìbuwọ́lùwé á bọ́ sójú ewé kejì. Ẹ fi PDF ránṣẹ́, tàbí kí ẹ dá Calibri padà. Ní Excel, XLOOKUP, fọ́múlà tó ń wá nǹkan nínú tábìlì, tí akáǹtáǹtì yín lò ò sí nínú 2016 àti 2019. Bí ẹni tó ń lo ìyẹn bá tún un ṣírò, #NAME? ló máa rí.

Àwọn tó ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú àti káàdì ìgbéyàwó, ẹ fetí sílẹ̀: Publisher, tí wọ́n fi ń to irú ìwé bẹ́ẹ̀, ò sí nínú Office 2024. Ẹ sọ gbogbo fáìlì .pub di PDF kí ẹ tó kúrò lórí èyí tẹ́ ẹ ní.

Bí ẹ bá pinnu láti rà á, orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún ẹni tó máa ń ráhùn jù nínú ọ́fíìsì, ọ̀sẹ̀ méjì péré, gbogbo àléébù rẹ̀ á ti jáde. Ẹ ṣí fáìlì owó oṣù tó ní macro (àṣẹ tí wọ́n kọ kí Excel lè dá iṣẹ́ ṣe) níbẹ̀. Macro tí wọ́n kọ fún 32-bit lè kọ̀ lórí 64-bit títí ẹni tó mọ kóòdù á fi fi ọ̀rọ̀ PtrSafe sí àwọn ìlà tó ní Declare nínú rẹ̀. Office tí wọ́n “ṣí” fún yín ní ẹ̀dínwó láìní ìwé àṣẹ Microsoft, tí wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ pa antivirus, ẹ má gbà á. Ẹni tó jẹ́ lẹ́tà nìkan ló ń tẹ̀, LibreOffice, àkójọ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ Office, tó o, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ má fi í sí ìparí oṣù. Ẹ da fáìlì kọ sórí dísìkì mìíràn, kí ẹ rí i pé ínfátà gba iná dáadáa. Bí iná bá lọ láàárín tí Word ò ṣí mọ́, ẹ lọ sí Control Panel, Programs and Features, ẹ yan Office, ẹ tẹ Change, kí ẹ yan Online Repair. Ó máa tún gbogbo rẹ̀ fà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà kí dátà wà nílẹ̀.