Confusion matrix yín ò bá accuracy mu? Ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó béèrè

Confusion matrix ni tábìlì tó ń fi hàn iye ìgbà tí módẹ́ẹ̀lì (ètò kọ̀ǹpútà tó kọ́ bá a ṣe ń dá nǹkan mọ̀ látinú data) gba kíláàsì (oríṣi) kọ̀ọ̀kan àti iye ìgbà tó ṣì í. Accuracy ni ìpín ìdáhùn tó gbà nínú gbogbo ẹ̀.

Ìbéèrè: Èwo ni ìdáhùn gidi, èwo ni ti módẹ́ẹ̀lì?
Ní scikit-learn (àkójọ kóòdù Python tó ń ṣe matrix yìí), ìlà ìbú ni ìdáhùn gidi, ìlà òòró ni ohun tí módẹ́ẹ̀lì sọ. Tẹ́ ẹ bá ń pè é, y_true (ìdáhùn gidi) ló ń ṣíwájú, y_pred (ti módẹ́ẹ̀lì) á tẹ̀lé e. Tẹ́ ẹ bá gbé e sódì, kóòdù ò ní pariwo, false positive (ó ní ó wà, kò sì sí) á kàn di false negative (ó ní kò sí, ó sì wà) mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí true positive (ó ní ó wà, ó sì wà lóòótọ́) ò sí lókè lápá òsì?
Torí 0 (kò sí) ló ń ṣáájú 1 (ó wà). Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wà níbẹ̀, ẹ kọ labels=[1, 0]. Ó tán.

Ìbéèrè: Error scikit-learn ní mo da multilabel-indicator pọ̀ mọ́ multiclass.
One-hot (1 síbi kíláàsì tó jẹ́, 0 síbi tó kù) lẹ fún ọ̀kan, nọ́ńbà kíláàsì lẹ fún èkejì. Ẹ lo argmax, axis=1, kó sọ one-hot di nọ́ńbà kíláàsì. Tó bá jẹ́ continuous ló dárúkọ, probability (nọ́ńbà láàárín 0 sí 1) lẹ gbé fún un, ẹ kọ́kọ́ gé e níbì kan, bíi 0.5, kó di 0 tàbí 1. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ka error yẹn dópin, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: evaluate ti Keras (àkójọ kóòdù tá a fi ń kọ́ módẹ́ẹ̀lì) fún mi ní accuracy 0.93, àmọ́ matrix mi dà bíi pé módẹ́ẹ̀lì ń méfò.
Èyí gan-an ló jẹ́ kí n kọ gbogbo eléyìí, torí ó ti gba oorun lójú mi rí. Ẹnì kan gbé módẹ́ẹ̀lì tó ń dá fótò oríṣi mẹ́rin mọ̀ wá bá mi, evaluate ní ó dáa, àmọ́ nínú matrix kíláàsì kọ̀ọ̀kan kàn fọ́n ká sí ọ̀nà mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ó ti tún un train léraléra, ó ti pààrọ̀ learning rate (bí módẹ́ẹ̀lì ṣe ń yára kọ́ sí), ó ti wá fótò kún fótò, pàbó ni. Mo yẹ fáìlì wò, mo yẹ orúkọ kíláàsì wò, wọ́n péye. Ohun tó là mí lójú ni pé mo ṣírò accuracy látinú matrix fúnra ẹ̀: ẹ ro gbogbo nọ́ńbà orí diagonal (láti òkè lápá òsì dé ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún) pọ̀, ẹ fi àpapọ̀ gbogbo matrix pín in. Nǹkan bí 0.25 ló bọ́ sí. Data kan náà, módẹ́ẹ̀lì kan náà, báwo ni accuracy ṣe máa jẹ́ méjì? Àfi tí ètò ìdáhùn bá ti yàtọ̀ sí ètò fótò, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. flow_from_directory ti Keras (tó ń ka fótò látinú fódà), shuffle=True ló máa ń wà tẹ́ ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, ó ń da fótò rú kí predict (tó ń mú àsọtẹ́lẹ̀ módẹ́ẹ̀lì wá) tó rí wọn, nígbà tí generator.classes (ìdáhùn gidi) ṣì wà bí wọ́n ṣe tò ó nínú fódà. evaluate ò ní wàhálà, torí fótò àti ìdáhùn ẹ̀ jọ ń wọlé ni. Ẹ kọ shuffle=False síbi data ìdánwò. Tó bá jẹ́ tf.data (ọ̀nà TensorFlow láti kó data wọlé) lẹ ń lò, inú loop kan náà ni kẹ́ ẹ ti kó ìdáhùn àti àsọtẹ́lẹ̀ jọ, torí shuffle tibẹ̀ ń tún un dà rú ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tún nǹkan kan train kẹ́ ẹ tó ṣe ìṣirò yẹn.

Ìbéèrè: Accuracy mi jẹ́ 95%, kí ló tún kù?
Tára 950 nínú èèyàn 1000 bá le, módẹ́ẹ̀lì tó ń sọ pé kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn á gba 95% láì rí aláìsàn kan ṣoṣo. Ẹ fi normalize='true' sí i, kí nọ́ńbà ìlà ìbú kọ̀ọ̀kan di ìdá nínú àpapọ̀ ìlà náà, kẹ́ ẹ wo ìlà àwọn aláìsàn. Ibi tẹ́ ẹ wá máa gé probability sí, kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń kọ kóòdù lè dá pinnu, ẹ pe dókítà tó mọ ewu tó wà nínú kí wọ́n fo aláìsàn kan, kó jókòó tì yín.