Díṣíwọ́ṣà kọ́ńdẹ̀mù tí mo rà lórí ọmọlánke: bí ẹ ṣe lè tún tiyín náà ṣe

Ọmọlánke ló ń gbé díṣíwọ́ṣà yìí, ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́, kọjá ní Ìta-Ẹlẹ́wà ní Ìkòròdú, òun àti bátìrì ọkọ̀ mẹ́ta pẹ̀lú àwọn àjákù páànù, wọ́n ń lọ sórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ̀mù. Mo kọ́kọ́ rò pé fíríìjì kékeré ni. Ìgbà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí díẹ̀ ni mo rí inú rẹ̀ tó ń dán gbinrin, irin tí kì í dógùn-ún ni gbogbo ẹ̀, mo ní "ọ̀gá, ẹ dúró ná, èló ni tibí yìí?" Ọmọ tó ń ti ọmọlánke náà wò mí tòkètilẹ̀, ó ní "ẹ̀gbọ́n, wọ́ṣìn maṣíìnì yìí ò ṣiṣẹ́ o." Mo ní mo mọ̀. A ná an, a ná an, a fi dé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, òun náà ló bá mi tì í délé ní Ìgbógbó, ó ń rẹ́rìn-ín mi lọ́nà.

Àwọn ará ilé náà rẹ́rìn-ín. "Ṣé ọwọ́ ò lè fọ abọ́ mọ́ ni?" Ọwọ́ lè fọ ọ́ kẹ̀, àmọ́ ẹ bi ìyàwó mi léèrè lọ́jọ́ kejì ìsọmọlórúkọ.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, díṣíwọ́ṣà àtijọ́ ò ní nǹkan púpọ̀ nínú. Pọ́ǹpù kan tó ń fọ́n omi, ìkejì tó ń tú omi dànù, hítà, fáàfù tó ń gba omi wọlé, pẹ̀lú táímà oní-kọ́nọ́bù tó ń sọ fún kálukú ìgbà tí iṣẹ́ kàn án. Ó tán. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Josephine Cochrane, tí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń fọ́ etí àwo tánńganran rẹ̀, ló gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí èyí tó ṣe lọ́dún 1886, ó sì pàtẹ rẹ̀ ní Chicago lọ́dún 1893. Ohun tó ṣe nígbà náà, kí abọ́ dúró sójú kan nínú agbọ̀n wáyà kí omi gbígbóná máa nà án, òun náà ló wà nínú èyí tí mo rà. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ohun tí mo fẹ́ràn nípa ẹ̀ gan-an nìyẹn, torí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà inú àwọn maṣíìnì tuntun, tó bá jóná, owó rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ra maṣíìnì míì.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ wo etí ẹ̀, irin pẹlẹbẹ kékeré kan máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. V ni agbára iná, Hz ni iye ìgbà tí iná ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tẹ́ ẹ bá rí 220 sí 240V àti 50Hz, ti Yúróòpù ni, iná ilé yín á gbé e. Tó bá jẹ́ 120V, 60Hz lẹ rí, ti Amẹ́ríkà ni, ẹ rora. Tírànsífọ́mà á bá yín sọ iná di 110 lóòótọ́, èyí tó tó 2000VA (ìwọ̀n ẹrù iná tó lè gbé) ó kéré tán, àmọ́ kò lè sọ 50Hz di 60Hz. Táímà á máa falẹ̀, iṣẹ́ wákàtí kan á di ìṣẹ́jú 72, mọ́tò ò ní yí bó ṣe yẹ, á tún máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ìkejì, ọ̀pọ̀ ti Amẹ́ríkà àtijọ́ ń retí pé omi gbígbóná láá máa ti inú páìpù bọ̀, hítà tiwọn kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ti Yúróòpù ló máa ń gba omi tútù tá á sì sè é fúnra ẹ̀. Èmi ò ní omi gbígbóná nínú páìpù o, mi ò mọ̀ nípa tiyín.

Ẹ gbé e délé tán, ẹ má fi sína. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín. Ẹ má ṣe é. Maṣíìnì tó ti gbẹ fún ọdún mélòó kan, rọ́bà inú pọ́ǹpù ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra, tẹ́ ẹ bá taná sí mọ́tò tí ò lè yí, á kàn máa kùn hùnnnn títí wáyà inú ẹ̀ á fi jóná, ẹ ti wá sọ iṣẹ́ kékeré di iṣẹ́ àwọn tó ń wé kọ́ìlì.

Ẹ gbé e sùn sẹ́yìn lórí páálí, ẹ tú páànù ìsàlẹ̀. Nínú tèmi, eku ti kọ́lé síbẹ̀, ilé tó dáa gan-an, ó fi òwú tí wọ́n fi ń pa ariwo ẹ̀rọ ṣe bẹ́ẹ̀dì, ó sì ti gé wáyà méjì jẹ. Ibà Lassa ń bẹ nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku, torí náà ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, ẹ fi omi tó ní bílíìṣì rin ín dáadáa kẹ́ ẹ tó kó o. Ẹ jìnnà sí fífi bílíìṣì nu inú maṣíìnì fúnra ẹ̀ ṣá, ó máa ń jẹ irin dídán yẹn.

Ẹ gbé e dúró padà, ẹ yọ asẹ́ ìsàlẹ̀. Ọ̀rá tó wà níbẹ̀ ti le bí àbẹ́là. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni mo dà sí i, mo jẹ́ kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, ọjọ́ kejì mo wá kó gbogbo ohun tó wà nínú ihò yẹn sórí àwo: igi ìtayín mẹ́ta, kóró èso kan tí mi ò mọ̀, owó wẹ́wẹ́ pfennig 10 ti Jámánì, èyí tí wọn ò ná mọ́ látìgbà tí owó euro ti dé lọ́dún 2002, pẹ̀lú àfọ́kù ìgò kan tí ò tó èékánná ọmọdé. Àfọ́kù ìgò yẹn ló há sẹ́nu pọ́ǹpù tó ń tú omi dànù. Bó ṣe kúrò báyìí, abẹ̀bẹ̀ inú pọ́ǹpù náà yí fìrì. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń wò ó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nǹkan tẹ́nìkan torí ẹ̀ gbé odindi maṣíìnì sọ nù lókè òkun lọ́hùn-ún nìyí, tó fi wọ kọ̀nténà dé ọ̀dọ̀ wa. Torí náà kẹ́ ẹ tó ra pátì kankan, ẹ kọ́kọ́ fọ ìdọ̀tí tán.

Àwọn apá tó ń fọ́n omi náà, ẹ yọ wọ́n, ẹ mì wọ́n sétí, ẹ ó gbọ́ tí nǹkan ń dún sẹkẹsẹkẹ nínú. Ẹ rẹ wọ́n sínú fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ kí funfun bí ẹfun tó dí ihò wọn lè yọ́, ẹ wá fi wáyà tín-ín-rín gún ihò kọ̀ọ̀kan.

Ó wá kan mọ́tò ńlá. Ẹ wá ìdí ẹ̀ níbi tí fáànù kékeré wà, ẹ fọwọ́ yí i. Tí ò bá yí, ẹ má gbá a ní òòlù, ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ihò ìsàlẹ̀, ẹ fún un ní ọjọ́ kan, ẹ tún gbìyànjú. Tèmi yí lọ́jọ́ kejì, àmọ́ omi ń kán sórí mọ́tò, ìyẹn ni pé síìlì, òrùka tí kì í jẹ́ kí omi jò sórí mọ́tò, ti jẹ. Bẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta pátì pọ́ǹpù omi ní Ṣábó, ẹ má dárúkọ díṣíwọ́ṣà rárá, wọ́n á ní kò sí kí ẹ tó la ẹnu tán. Ẹ kàn gbé ògbólógbòó síìlì yẹn sórí káńtà, ẹ ní irú èyí lẹ fẹ́. Ọ̀gá tó dá mi lóhùn ò béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, ó fi sókè wò, ó wọn ihò ẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú páálí kan, ó ju tuntun sí mi, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú pọ́ǹpù tó ń fa omi kànga. Ìwọ̀n ihò àárín ẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù, kò gbọdọ̀ yàtọ̀.

Tí mọ́tò bá ń kùn tí ò ṣí nílẹ̀, tẹ́ ẹ sì ti rí i pé ó ń yí lọ́wọ́, ẹ fura sí kapásítọ̀, agolo kékeré tó ń tọ́jú iná tí mọ́tò fi ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà µF (iye iná tó lè tọ́jú) tó wà lára ẹ̀ gọ́ọ́ ni kẹ́ ẹ rà, V rẹ̀ lè ju ti àtijọ́ lọ, kò gbọdọ̀ kéré sí i. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ fi bọ́ọ̀bù àtijọ́ kan fa iná tó kù nínú ẹ̀ tán, ó lè gbá èèyàn kódà lẹ́yìn tí ẹ ti yọ pulọ́ọ̀gì.

Ẹ fi míta tí àwọn oníná fi ń wọn iná wọn hítà. Èyí tó bá jẹ́ 2000W lórí iná 230V á fún yín ní nǹkan bí 26 ohm (ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná). Tí míta ò bá sọ nǹkan kan, hítà ti já. Ẹ tún wọn láàárín hítà àti ara maṣíìnì, níbẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan rárá, tó bá sọ, irin gbogbo ara ẹ̀ lè gbé iná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ èyí: ọ̀pọ̀ ilé wa, ihò kẹta sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ò já síbì kankan, ẹwà lásán ni. Ẹ jẹ́ kí oníná ri irin ẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọlẹ̀, mọ́lẹ̀ kó sì fà á dé ìdáná kẹ́ ẹ tó lo ẹ̀rọ tó ń po omi pọ̀ mọ́ iná. Jẹnẹrétọ̀ kékeré "I pass my neighbour" náà ò lè gbé hítà yìí, ẹ má dán an wò.

Táímà: iwájú nìkan lẹ máa ń yí kọ́nọ́bù sí, bí aago ṣe ń yí, tẹ́ ẹ bá yí i padà sẹ́yìn ẹ ti ṣẹ́ eyín inú ẹ̀. Ẹ fín kọ́ńtáàtì kílínà (èyí tí wọ́n fi ń fọ ojú ibi tí iná ń gbà) sí i, ẹ yí i yípo bíi mẹ́wàá. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, ọṣẹ àti búrọ́ṣì ìfọyín ti tó.

Ibi tó dùn mí jù ni omi. Fáàfù tó ń gba omi wọlé ní rọ́bà kan nínú tó jẹ́ pé agbára omi fúnra ẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́ láti pa dé. Tèmi, wọ́n kọ 0.5 bar sára ẹ̀ pé agbára omi kò gbọdọ̀ kéré sí i; bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń ti nǹkan. Kí omi tó ní bar kan, ó gbọ́dọ̀ ga tó mítà 10, torí náà 0.5 ń bèèrè mítà 5, táǹkì mi sì wà lórí sítáńdì ẹsẹ̀ bàtà 12, ìyẹn ò pé mítà 4. Mo mọ ìṣirò yìí o, mo ní kò burú, á kàn máa falẹ̀ ni. Ó falẹ̀ lóòótọ́, ó fọ abọ́ tán, mo pa iná, mo lọ sùn. Aago márùn-ún ìdájí ni ìyàwó mi jí mi, bàtà ń léfòó ní ìdáná. Fáàfù ò pa dé délẹ̀, ó ń kán tó, tó, tó láti alẹ́, inú maṣíìnì kún, ó gba ẹnu ilẹ̀kùn jáde. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi láàárọ̀ yẹn, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Nísinsìnyí, pọ́ǹpù kékeré kan ló ń ti omi wọ inú ẹ̀, mo sì fi táàpù síwájú họ́ọ̀sì, tí mo bá fọ abọ́ tán mo máa ń ti táàpù pa. Họ́ọ̀sì tó ń tú omi dànù náà, ẹ kọ́kọ́ gbé e ga dé abẹ́ káńtà kẹ́ ẹ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí gọ́tà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa fa omi jáde fúnra ẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí. Omi bọ́ọ̀hóòlù wa níbí sì máa ń ní ìpẹtà, ẹ fi fítà kan (asẹ́ omi) síbi tí omi ń gbà wọ inú maṣíìnì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwo funfun á pọ́n.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò kẹ́ ẹ tó so páìpù, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ da omi bíi lítà 6 sísàlẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kó fọ́n, kẹ́ ẹ wá fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ẹ̀ bóyá ibì kan ń jò.

Ọṣẹ díṣíwọ́ṣà gangan ni kẹ́ ẹ lò, àwọn ilé ìtajà ńlá ń tà á. Àbúrò mi fi ọṣẹ olómi tá a fi ń fọ abọ́ sí i lọ́jọ́ kan, fóòmù yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn bí ọtí bíà tí wọ́n mì, iyọ̀ ìdáná ẹ̀kúnwọ́ kan ni mo da sínú ẹ̀ kó tó rọlẹ̀.

Ìyá Ìbejì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ wa wá wò ó, ó wo abọ́ ọbẹ̀ tó jáde láìní epo lára, ó ní "ṣé ó lè fọ ìkòkò àmàlà?" Mo ní "rárá mà, ẹ rẹ ìyẹn sómi, ẹ fi kànrìnkàn ha á." Ó ní ó tán, òun á máa gbé abọ́ tòun wá ní Sunday. Mo fi kẹ́ẹ̀gì 25 lítà gba gbogbo omi tó tú dànù lẹ́ẹ̀kan, ó kún kẹ́ẹ̀gì kan, ó lé díẹ̀. Omi tó fi ṣan abọ́ gbẹ̀yìn mọ́ dáadáa, òun là ń dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.