Ẹ fi ìwé ìlànà Django bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin tèmi ní Òṣogbo, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ dá sí iṣẹ́ Django (irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ wẹ́ẹ̀bù pẹ̀lú èdè Python), kó má dúró dìgbà tó bá di ọ̀gá nínú kóòdù. Ìwé ìlànà rẹ̀ wà lórí GitHub (ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù sí), nínú fódà docs, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù fúnra rẹ̀. Fáìlì .txt lásán ni. Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Sphinx ló ń sọ ọ́ di ojú ewé wẹ́ẹ̀bù.

Bí ẹ ṣe ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ inú rẹ̀, ẹ máa kọ ibi tó bá ti rú yín lójú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tó bá fi máa di oṣù tó ń bọ̀, ó ti mọ́ yín lára, ẹ ò ní rí i mọ́. (Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀gá kì í fi í rí i.) Àṣìkọ kékeré ò nílò tíkẹ́ẹ̀tì (àkọsílẹ̀ ìṣòro tó yẹ ní àtúnṣe), ẹ fi pull request (àtúnṣe tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n gbà wọlé) ránṣẹ́ tààrà lórí GitHub. Àtúnkọ ńlá ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí tíkẹ́ẹ̀tì fún lórí Trac, ìkànnì tí Django ń kó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí.

Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fi Sphinx sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ wọ inú docs nínú ẹ̀dà kóòdù Django tẹ́ ẹ gbà sórí rẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ àṣẹ make html. Gbogbo ìwé náà á bọ́ sínú _build/html, ẹ ó sì lè máa kà á láìjó dátà. Ẹni tó bá ṣòro fún, kó gbé láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ wá sí Òkè-Fìà ní Sátidé, a ó jọ wò ó.